Ìwé Jóná, Owó Ń Bẹ Nílé

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ, ṣùgbọ́n àìsọ rẹ̀ kò mú un kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ìṣekúṣe àti àwòrán ìhòòhò ni: àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́, àwọn tí ń tà á, àti ohun tí òfin ń ṣe sí ọjà wọn àti sí èrè wọn. N kò ní ṣàpèjúwe ohun tó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún yín. Ìtàn òfin ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé nínú ìtàn náà ni a ó ti rí ohun tí òfin lè ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan ṣí i. Bí ọlọ́pàá bá wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Yábà, tí wọ́n bá ọgọ́rùn-ún ìwé ìṣekúṣe níbẹ̀, tí adájọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun wọ́n, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ti parí? Iná jó ìwé tó kù lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún kan tí ọlọ́jà ti tà kí ọlọ́pàá tó dé ńkọ́? Owó wọn dà? Àwọn baba wa ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ púpọ̀ kí òfin tó mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gba epo náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ níbi gbogbo. Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ rírùn, ó sì mọ ibi tó fi í sí. Ẹ wo ọdún Òkèbàdàn ní ìlú Ìbàdàn. Lọ́jọ́ náà àwọn ènìyàn a máa kọ orin èébú àti orin ìhòòhò káàkiri ìgboro, wọn a kọ ọ́ sí mẹ̀kúnnù, wọn a kọ ọ́ sí ọlọ́lá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ẹni tó bá tún kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà lójú ọ̀nà yóò rí ìjà. Ọjọ́ ni àwọn baba wa fi ṣe ààlà rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, tí ọ̀rọ̀ àti àwòrán di ohun tí a lè tẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí a lè dì sínú àpótí, tí a lè tà fún ọmọdé bí a ti ń tà á fún àgbà, ààlà ọjọ́ kan kò tó mọ́. Ohun tí ó jẹ́ àṣà ọjọ́ kan ti di ọjà ojoojúmọ́. Ìgbà náà ni òfin wọ̀ ọ́.

Òfin tí Èkó jogún lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé ọ̀hún. Ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, òpópó kan wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Holywell Street. Òkìkí òpópó náà kàn nítorí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń ta ìwé ìṣekúṣe níbẹ̀. Òfin tó wà nílẹ̀ nígbà náà lè mú òǹtajà, ó sì lè jù ú sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí baálé bá wà lẹ́wọ̀n, ọjà ṣì wà lórí pẹpẹ, ẹlòmíràn nínú ilé sì lè máa tà á lọ. Lord Campbell, tí ó jẹ́ adájọ́ àgbà, rí i pé ẹ̀wọ̀n nìkan kò ṣẹ́gun òwò náà. Ní 1857 ó gbé òfin titun lọ sí ilé aṣòfin. Ó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ wé májèlé, ó tilẹ̀ ní ó burú ju májèlé tí àwọn apòògùn ń tà lọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí òfin 1857 yìí ṣe. Kò dá ẹ̀ṣẹ̀ titun kankan sílẹ̀. Ó fún adájọ́ májísíréètì lágbára láti fi ìwé àṣẹ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kí ọlọ́pàá lọ tú ilé, kí ó kó ìwé náà wá, kí a sì pe ọlọ́jà pé kí ó wá sọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Bí àlàyé rẹ̀ kò bá tẹ́ adájọ́ lọ́rùn, a ó ba ìwé náà jẹ́ pátápátá. Lọ́rọ̀ kan, ìwé gan-an ni wọ́n gbé lọ sí ilé ẹjọ́. Òfin tó ṣáájú mú ènìyàn, ó fi ọjà sílẹ̀. Òfin yìí mú ọjà. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì kò sí èyí tó béèrè owó tí ó ti wọ àpò.

Ọdún 11 lẹ́yìn èyí, ní 1868, ẹjọ́ kan wáyé tí àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń dárúkọ títí di òní. Wọ́n ń pè é ní ẹjọ́ Hicklin. Ọkùnrin kan ní ìlú Wolverhampton, Henry Scott, ní ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ tí ó ń bẹnu àtẹ́ lu ìjọ Kátólíìkì. Apá kan nínú ìwé náà kún fún ọ̀rọ̀ rírùn. Wọ́n kó ẹ̀dà 252 nílé rẹ̀. Scott kò jẹ èrè kankan lórí ìwé yìí. Ṣílè kan tó fi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni ó ń tà á, nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó ń polongo. Síbẹ̀ adájọ́ àgbà Cockburn fi òǹtẹ̀ lù ú pé kí a ba ìwé náà jẹ́. Ó ní ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí lè ba ìwà ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le jẹ́, bí ó bá bọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́?

Ìdájọ́ yìí mú kí ọwọ́ òfin gùn ju bó ti yẹ lọ. A lè yọ gbólóhùn kan nínú ìwé ńlá, kí a sì fi dá gbogbo ìwé náà lẹ́bi. Ìwé ìṣègùn, ìwé ìtàn àti ìwé àròsọ tó ní láárí, gbogbo wọn bọ́ sínú ewu. Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ èrè ti rí nínú rẹ̀. Scott tí kò jèrè pàdánù ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó jèrè rẹpẹtẹ ní ìlú ńlá lè pàdánù ìwé tirẹ̀ náà, kí ó sì fi díẹ̀ nínú èrè rẹ̀ tẹ òmíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Iná kan náà ni ó jó àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò dùn wọ́n bákan náà.

Ọdún 91 kọjá kí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tún òfin náà ṣe. Ní 1959 wọ́n pàṣẹ pé kí a máa wo odindi ìwé, kí a má yọ gbólóhùn kan sọ́tọ̀. Wọ́n ní kí a wo irú ẹni tó ṣeé ṣe kí ó ka ìwé náà. Wọ́n ní bí ìwé náà bá ṣe ìlú láǹfààní ní ti ìmọ̀, ní ti lítíréṣọ̀ tàbí ní ti iṣẹ́ ọnà, kí a dá a sí. Wọ́n sì fún òǹkọ̀wé àti ẹni tó tẹ ìwé láyè láti wá gbèjà rẹ̀ ní ilé ẹjọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ti gba ìwé náà.

Lọ́dún kejì, 1960, wọ́n dán òfin náà wò. Wọ́n gbé ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Penguin lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí ìwé Lady Chatterley's Lover tí D. H. Lawrence kọ. Àwọn ará ìlú 12 tí wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Penguin kò jẹ̀bi. Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ni. Nígbà tí ìwé náà dé ọjà lọ́jọ́ 10 oṣù náà, ẹ̀dà 200,000 ni ó tà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹjọ́ tí wọ́n fi fẹ́ pa ìwé náà ni ó polówó rẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Nàìjíríà ti gba òmìnira lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọdún 1960 yẹn kan náà. Ní 1961 ilé aṣòfin àpapọ̀ wa ní Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìwé ìṣekúṣe, wọ́n sì fi í kún òfin ìwà ọ̀daràn, láti ìpín 233B títí dé 233F. Lọ́dún kan náà ni wọ́n ṣe òmíràn lórí ìwé àwòrán tó lè ṣe àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní jàǹbá. Àwọn aṣòfin wa kò tẹ̀ lé òfin 1857. Ti 1959 ni wọ́n mú ṣe àwòkọ́ṣe: kí a wo odindi ìwé, kí a wo ẹni tí yóò kà á, kí a sì dá ìwé tó ṣe ìlú láǹfààní sí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa sí bí òfin náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ohun tó yẹ kí ọmọ ìlú mọ̀ ni. Èkíní, ẹnì kan gbọ́dọ̀ búra níwájú adájọ́ májísíréètì pé ìdí wà láti fura sí ibì kan. Èkejì, adájọ́ lè fún ọlọ́pàá ní ìwé àṣẹ láti wọ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ ilé, ìbáà jẹ́ àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìbáà sì jẹ́ ọkọ̀. Wọ́n lè kó ìwé tí wọ́n fura sí. Wọ́n tún lè kó àkọsílẹ̀ òwò náà, irú bí ìwé ìṣirò owó. Ẹ̀kẹta, ọjà tí wọ́n kó gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́, a ó sì pe ọlọ́jà kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni adájọ́ tó lè pàṣẹ pé kí ọlọ́jà pàdánù rẹ̀ fún ìjọba. Ọlọ́pàá kò lágbára láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lójú títì. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, òfin yìí kò sì fẹ́ kí ìjọba di àgbà òṣìkà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú òfin náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí. Òfin ní ìwé tí wọ́n tọ́jú láti fi pa owó ni ọlọ́pàá lè tìtorí rẹ̀ tú ilé. Èyí ni pé ọ̀rọ̀ èrè gan-an ni kọ́kọ́rọ́ tí òfin fi ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé tán, ìwé nìkan ni ó sọ di ti ìjọba. Ìwé ìṣirò owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè ka iye tí òǹtajà ti rí, ṣùgbọ́n fún ẹ̀rí ni. Owó náà fúnra rẹ̀ ń bẹ nílé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti owó ìtanràn. Òfin 1961 ní ẹni tó bá jẹ̀bi lè san owó tí kò ju £200 lọ, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí méjèèjì. Nígbà tí a yí owó wa padà sí náírà ní 1973, £1 di ₦2, £200 sì di ₦400. Nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004, ₦400 náà ni ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Tẹ́júoṣó mọ ohun tí ₦400 lè rà ní 1973, ẹ sì mọ ohun tó lè rà ní 2004. Owó tó ń dẹ́rù ba oníṣòwò nígbà kan ti di owó tí yóò fi rẹ́rìn-ín. Bí ìtanràn bá kéré sí èrè, oníṣòwò a kà á mọ́ owó ọkọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù, yóò sì máa bá òwò rẹ̀ lọ.

Ohun mìíràn tún wà ní 1961 tí àwọn ọmọdé ìsinsìnyí kò mọ̀. Yábà àti Sùúrùlérè wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n Múṣín wà nínú Agbègbè Ìwọ̀ Oòrùn, Ìbàdàn sì ni olú ìlú rẹ̀. Ìbàdàn ti ní òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ láti 1959. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Múṣín ti kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sábẹ́ òmíràn kí òógùn tó bọ̀ ọ́. Ọlọ́pàá tó fẹ́ tú àtẹ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìhà tó dúró sí, kí ó tó mọ adájọ́ tí yóò fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, ni Múṣín, Yábà àti Sùúrùlérè tó di ọmọ ìpínlẹ̀ kan. Láti 2011 sì ni Èkó ti ní òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti àtijọ́.

Ọ̀nà kejì tí òfin ń gbà mú irú ọjà yìí ni ẹnubodè. Èbúté Àpápá kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹrù òkèèrè ń gbà wọlé. Àwọn aṣọ́bodè ní àtòkọ àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọ Nàìjíríà rárá. Ìwé, káàdì àti àwòrán ìṣekúṣe wà lórí àtòkọ náà. Ẹ ó rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ àwọn ohun tí wọ́n jọ tò síbẹ̀: owó ẹyọ wà níbẹ̀, ayédèrú owó wà níbẹ̀, ewé tíì tí wọ́n ti lò tán wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù òkèèrè náà wà níbẹ̀. Bí aṣọ́bodè bá rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n níbí náà, ẹrù tó bọ́ sọ́wọ́ wọn lónìí nìkan ni. Èyí tó kọjá lánàá ti di owó.

Mo ti sọ pé òfin lè ṣàìtó. Ó yẹ kí n tún sọ pé ó lè pọ̀jù, nítorí ibẹ̀ ni ewu ìhà kejì wà. Ní ọdún 1961 tí a ń sọ yìí gan-an, ìwé àròsọ kan jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, orúkọ rẹ̀ ni Jagua Nana. Ẹni tó kọ ọ́ ni Cyprian Ekwensi. Àwa ará Mainland mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ó ti ṣe olùkọ́ ní Igbobi College ní Yábà ní nǹkan bí 1947 sí 1949, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀. Ìwé náà sọ ìtàn obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ, tí ó ń gbé ìgbé ayé fàájì ní Èkó, tí ó sì fẹ́ràn ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan. Ariwo ta. Àwọn kan ní ìwé náà ba orúkọ ìlú jẹ́. Nígbà tí àwọn ará Ítálì fẹ́ fi í ṣe fíìmù, ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin, wọn kò sì gbà fún wọn.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 1968 Ekwensi gba ẹ̀bùn Dag Hammarskjöld fún lítíréṣọ̀. Ní 1975 Heinemann tún Jagua Nana tẹ̀ nínú ọ̀wọ́ ìwé àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà. Bí wọ́n bá ti kó ìwé yìí dà sínú iná ní 1961, tí wọ́n sì gba gbogbo owó tí òǹkọ̀wé àti òǹtàwé rí lórí rẹ̀, ta ni yóò tún fi ìgboyà kọ̀wé nípa Èkó? Bí ọlọ́pàá bá fọ́ ilé olè, inú wa a dùn. Bí ó bá ṣìlẹ̀kùn, tí ó fọ́ ilé olùkọ́, ṣé a ó tún pàtẹ́wọ́?

Èyí ni ó mú mi dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí àwọn ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ èrè yìí dé òpin rẹ̀. Ní 1984 wọ́n fi ìwé ìṣekúṣe kún òfin líle tí wọ́n ti ṣe ní 1970 láti fi bá àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn jà. Ní 1988 wọ́n tún ṣe òmíràn. Èyí sọ ọ́ ní kedere pé ẹni tó bá jẹ̀bi yóò pàdánù ohun mẹ́ta: ọjà náà fúnra rẹ̀, owó àti èrè tó ti ibẹ̀ wá, àti ohun ìní tó fi ṣe òwò náà. Ẹ rí i pé ohun tí Lord Campbell kò dé ní 1857, àwọn wọ̀nyí dé e.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe rí nígbà tí wọ́n lò ó. Ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Ferris Alexander, ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé sinimá tó ju mẹ́wàá lọ. Ilé ẹjọ́ rí i pé ìwé ìròyìn 4 àti fídíò 3 nínú ọjà rẹ̀ jẹ́ ìṣekúṣe. Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 6, wọ́n ní kí ó san $100,000. Lẹ́yìn èyí wọ́n gba gbogbo òwò rẹ̀ lábẹ́ òfin àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn yẹn, àti owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $9,000,000. Gbogbo ìwé àti fídíò tó wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n bà jẹ́, títí kan àwọn tí ilé ẹjọ́ kò dá lẹ́bi rárá. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní 1993, àwọn adájọ́ 5 ní kò lòdì sí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, àwọn 4 kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì dá ẹjọ́ náà padà kí wọ́n lọ wò ó bóyá ìjìyà náà kò ti pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ohun 7 ni wọ́n dá lẹ́bi, gbogbo ilé ìtajà ni ó lọ. Ọkùnrin yìí kò jẹ mí lógún. Ọ̀nà náà ni ó jẹ mí lógún, nítorí ọ̀nà tí a bá là fún ẹni burúkú, ẹni rere náà lè bá ara rẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ní Nàìjíríà lónìí, pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni ibùdó òwò yìí mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, àpótí rẹ̀ sì wà nínú fóònù tí ọmọ yín fi ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá. Òfin náà ti tẹ̀ lé e débẹ̀. Ní 2015 a ṣe òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà. Níbi tí àwòrán ìṣekúṣe bá ti kan ọmọdé, òfin yìí kò fi ₦400 ṣeré. Ẹni tó bá ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tàbí tó pín in káàkiri lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó ₦20,000,000. Ilé ẹjọ́ tún lè gba owó àti ohun ìní tí wọ́n bá tọpa rẹ̀ dé inú ẹ̀ṣẹ̀ náà, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é. Ní 2022 òfin mìíràn jáde lórí gbígba ohun tí ènìyàn fi ìwà ọ̀daràn kó jọ àti bí ìjọba yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà fàyè gbà á. Ìpín 44 ní a kò gbọdọ̀ fipá gba ohun ìní ẹnikẹ́ni lásán, ṣùgbọ́n ó yọ ìjìyà ẹni tó rú òfin sílẹ̀. Ìpín 36 sì ní kí a gbọ́ ẹjọ́ onítọ̀hún láìṣègbè.

Níbo wá ni mo dúró sí? Mo gbà pé kí òfin gba èrè. Ìtàn ọdún tó lé ní 160 ti fihàn wá pé ìwé tí a sun láìgba owó rẹ̀, a tún un tẹ̀ ni. Pàápàá jù lọ níbi tí ó bá ti kan ọmọdé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ẹ̀wọ̀n dé kí ó bá ilé tí ó fi omijé ọmọ ọlọ́mọ kọ́. Ṣùgbọ́n kí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ dá ẹjọ́ ìwé náà ní odindi. Kí ó gbọ́ tẹnu ẹni tó ni ín. Kí ohun tí a ó gbà sì jẹ́ èrè ohun tí a dá lẹ́bi, kì í ṣe gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ti fi òógùn ojú rẹ̀ ní láyé. Òfin tó bá kọjá ibẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ yóò ba òǹtàwé rere tí ń pàtẹ ìwé ilé ẹ̀kọ́ ní Yábà ju bí yóò ti ba ọ̀daràn tó mọ ibi tí yóò sá pamọ́ sí.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ ṣì kù fún yín. Kò sí adájọ́ tó lè jókòó sínú iyàrá pẹ̀lú ọmọ yín. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn tó bá wọn sọ ọ́, nítorí ojú tí ń ti yín ni oníṣòwò náà ń jẹ lé lórí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àwòrán ìhòòhò yín, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe àgbà, ẹ má fún un, kí ẹ sì sọ fún òbí tàbí olùkọ́ tí ẹ fọkàn tán. Bí ó bá ti gbà á lọ́wọ́ yín ná, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn yín, ẹ sọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Gbogbo wa pátá, ẹ jẹ́ kí a rántí pé kí èrè tó wọ àpò ẹnikẹ́ni, ẹnì kan ní láti mú owó jáde nínú àpò tirẹ̀. Owó tí a kò san, kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri.